Mo Dáhùn fún Tẹ́ẹ́rẹ́ Lẹ́nu Èbúté

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àtàtà,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo kí ọkọ yín, mo sì kí àwọn ọmọ, láti orí àkọ́bí dé orí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìdúró, kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀, kí iná ilé búrẹ́dì yín sì máa jó dáadáa láràárọ̀. Ní tèmi, mo wà. Ara mi le, mo ń jẹun. N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń sọ fún mi pé bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí, kí n tó sọ ohun tí mo rò. Ohun tí mo rí láàárọ̀ òní, Ọjọ́ Ajé, nìyí. Mo rí ọṣẹ mẹ́fà lórí bẹ́líìtì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi bébà wé. Mo rí àpótí ìjókòó kan tí kò sí ẹni tó jókòó lé e, àti aṣọ ìnuwọ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ká sórí rẹ̀. Mo rí káàdì kan nínú àgbékọ́ ẹnu ọ̀nà, nọ́ńbà kẹtàdínlógún, tí wọn kò tíì lu aago sí lójú ti òní. Mo rí ọ̀gá wa tó ń bọ̀ láti ìpẹ̀kun yàrá, bírò pupa létí rẹ̀, àpòòwé funfun kan lábẹ́ ìwé ńlá rẹ̀. Mo rí aago ara ògiri: mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo rí ọwọ́ mi méjèèjì. Wọ́n ń wé ọṣẹ.

Ẹni tó ni ìjókòó yẹn ni à ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, torí lẹ́yìn tí ẹ lọ sílé ọkọ ló dé ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Òun ló ń fi bébà wé ọṣẹ, èmi ni mo ń gbé e lé òṣùwọ̀n, Ẹlẹ́rìn-ín tí ẹ mọ̀ dáadáa ló sì ń kó o sínú páálí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwa mẹ́ta ti jọ wà lójú kan náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì sí ọkọ tó ń bá a tọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ibà mú ọmọ yìí lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá rẹ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì kọ̀wé sí i. Ẹ mọ òfin ibẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kó máa lọ sílé.

Ẹlẹ́rìn-ín ló dá ọ̀rọ̀ lílọ sí erékùṣù sílẹ̀, ká lọ wo òkun. Ó ní òun ti rẹ́rìn-ín sí ọṣẹ títí, ó ku kí òun rẹ́rìn-ín sí omi. Ó ní a ò nílò nǹkan púpọ̀, pé bọ́ọ̀sì ni a máa wọ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù ni a máa bá lọ, búrẹ́dì àti ẹyin sísè sì ni a máa jẹ, ká lọ ní Sátidé ká dé ní Sọ́ńdè. Tẹ́ẹ́rẹ́ mirí. Ó ní òun ò lè fi iṣẹ́ òun ta tẹ́tẹ́ nítorí yanrìn. Ẹ mọ̀ pé n kì í sábà bá èèyàn sọ̀rọ̀ títí. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, “Wá. Èmi ló máa mójú tó aago. Ìwọ ṣáà ti máa tẹ̀ lé mi.” Ẹlẹ́rìn-ín ní kó gbà, pé níbi tí mo bá wà, aago ara ògiri lè lọ sùn. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbẹ̀ náà nìyẹn, Aago. Tẹ́ẹ́rẹ́ wò mí, ó ní ó dáa, bó bá jẹ́ pé èmi ni.

A kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí Sátidé. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta la wọ̀. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ìkejì, ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín ni okùn náà sì bọ́ sí, ló bá di ọmọ ọkọ̀. Gbogbo ibi tí a bá dé ló ń pè, ó ń sọ fún àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ pé kí wọ́n kí ìyàwó wọn. Ọkùnrin kan ní òun ò ní ìyàwó. Ẹlẹ́rìn-ín ní kó jókòó padà nígbà náà, kò tíì dé ibi tó ń lọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di ikùn mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mátírẹ́ẹ̀sì mẹ́rin, fíríìjì kan tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, àti adìẹ nínú àgò ni a jọ wọ ọkọ̀ ojú omi náà. Ó lọ́ra bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké olówó ńlá ń sáré kọjá wa, omi ń ta sí wa lára. Ẹlẹ́rìn-ín ní àwọn yẹn sanwó kí wọ́n má baà rí omi ni. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí erékùṣù, obìnrin kan tó ń tún àwọ̀n ẹja ṣe ló fún wa ní yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, àwọ̀n ló kún ibẹ̀ dé òkè àjà. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀. Àwa mẹ́ta la sùn lé e, Tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín, Ẹlẹ́rìn-ín ní ó ku kí ẹnì kan wá lẹ páálí wa pa.

Kí a tó sùn, ní ìrọ̀lẹ́, a lọ sétí òkun. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì dúró. Ó tó ìṣẹ́jú mọ́kànlá tí kò fi kúrò lójú kan. Mo lọ bá a, mo bi í pé kí ló ń wò. Ó ní, “Mi ò wo nǹkan kan. Mò ń tẹ́tí ni. Kò sí ẹni tó ń pè mí.” Mo dúró tì í. Ó yẹ kí inú mi dùn, torí èmi ni mo fà á wá. Mo rò pé inú mi dùn nígbà yẹn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí, ńṣe ló dà bí ohun tí mo kà lára páálí.

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ní Sọ́ńdè, aago mẹ́rin ló ń lọ. Láago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti kó gbogbo wa dé èbúté. Pátákó kan wà níbẹ̀, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ẹni tó bá gba tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, orúkọ wọn wà nínú ìwé. Bí ẹnì kan bá kù, ọkọ̀ á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, á sì dúró dè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. A tò sẹ́yìn àwọn èèyàn. Tíkẹ́ẹ̀tì àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti jẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín kó báàgì wa wọ inú ọkọ̀ ṣáájú, ó lọ gba ààyè ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Fóònù Tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú báàgì náà.

Láago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, Tẹ́ẹ́rẹ́ fọwọ́ kàn mí léjìká.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ìdí bẹ́líìtì. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dìde á fọwọ́ kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ léjìká, onítọ̀hún á mi orí, á sì máa ṣe iṣẹ́ ẹni méjì títí ó fi máa dé. Bí ọ̀gá bá kọjá tó bá béèrè, ìdáhùn kan náà ló wà: a pé. A kì í sọ pé ẹnì kan kò sí níbẹ̀. Ẹ sọ fún mi pé ohun tó ń mú èèyàn pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn nìyẹn. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti ń dáhùn fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn mí. Mo mi orí. N kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó kàn mí, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi pẹ́ńsùlù há irun. Ó bi mí pé ẹ̀yin mélòó. Mo ní, “Mẹ́ta, mà.” Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó ní àwọn yòókù dà. Mo ní, “A pé, mà.” Ó já tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé, mo sì wọlé.

N kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Ẹnu mi ti mọ ọ̀rọ̀ náà ju bí orí mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo jókòó, mo fi ìwé tí mo ń kà sórí ààyè Tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbà á, bí a ṣe máa ń fi aṣọ ìnuwọ́ sórí ìjókòó. Ẹlẹ́rìn-ín rò pé ó ti wà lẹ́yìn níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Àwọn èrò mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé, mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti fa ìlà sí, kò sì sí ìdí fún ọkọ̀ láti dúró. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n tú okùn. Wọn ò fọn fèrè kankan.

Mo rí Tẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó yọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ igi pẹlẹbẹ kan. Ó sáré dé orí pákó tó kẹ́yìn, ó sì dúró. Kò ju ọwọ́. Ẹlẹ́rìn-ín pariwo, ó gbá ilẹ̀kùn awakọ̀. Èmi dìde. Mo ń wo ibi tí omi ti ń fẹ̀ láàárín wa, mo sì ń ronú pé ó ti tó ìwọ̀n ilé kan, ó ti tó ilé méjì. Awakọ̀ ní omi ti ń fà, bí òun bá yíjú padà, orí yanrìn ni gbogbo wa máa sùn. Ó ní ọkọ̀ àkọ́kọ́ ọ̀la, aago méje. Obìnrin onípẹ́ńsùlù ṣí ìwé rẹ̀ han Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ní, “Nínú ìwé tèmi, gbogbo yín lẹ wà nínú ọkọ̀.”

Ẹlẹ́rìn-ín kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí a fẹ́ yà sí ilé wa, ó ní kì í ṣe pé òun ń bínú o, pé òun ò kàn rí nǹkan tí òun lè fi ṣẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Èmi lọ bá ará ilé Tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá a tọ́jú ọmọ láti Sátidé. Mo sọ fún obìnrin náà pé ọkọ̀ fi ìyá ọmọ sílẹ̀. Ọmọ náà gbọ́. Ó ní ta ló wà pẹ̀lú ìyá òun. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní ṣé ó máa dé lọ́la. Mo ní ó máa dé. Ó di àtẹ́lẹwọ́ mi mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré.

Láàárọ̀ òní, kí bẹ́líìtì tó bẹ̀rẹ̀, mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ aago méje, bọ́ọ̀sì mẹ́ta. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè dé kí aago mọ́kànlá tó lù. Kò sí ẹni tó ń lo wákàtí márùn-ún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Síbẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí wé ọṣẹ tirẹ̀, mo sì ń gbé tèmi lé òṣùwọ̀n, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi ṣe é kí ọ̀gá tó dé. Ẹlẹ́rìn-ín fẹnu sí mi létí, ó ní kí n sọ ohun tí à ń sọ, ó kéré tán á ra wákàtí kan fún un. Ọ̀gá bi mí pé Tẹ́ẹ́rẹ́ dà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi.

Mo ní, “Kò sí níbí, sà. Èmi ni mo fi í sílẹ̀.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn, pẹ̀lú aago kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ ń kóra jọ lórí bẹ́líìtì. Ó gbọ́ ọ tán. Kì í ṣe ìkà, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi orúkọ mi sínú lẹ́tà máa-lọ-sílé tó wà nínú àpòòwé náà dípò ti Tẹ́ẹ́rẹ́. Ó yọ bírò pupa létí, ó tún fi padà síbẹ̀. Ó ní, “Mo gbà pé òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kì í ṣe ti ẹni tó jẹ̀bi. Ti ẹni tí kò sí níbí ni. Ìwọ wà níbí.” Ó fún mi ní àpòòwé náà, ó ní ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ mi ni, kí n bá òun fún un.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló dé ẹnu géètì, àkókò ìsinmi wa. Bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, etí yẹ̀rì rẹ̀ ti funfun fún iyọ̀ òkun. Ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kó wọlé. Mo jáde lọ bá a, mo na lẹ́tà náà sí i. Ó kà á lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lọ. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ń jẹun, ó ní kí n jẹ́ kí òun jẹun tán.” Mo ní ó dáa. Ó ní, “O dáhùn fún mi, àbí?” Mo ní mo dáhùn. Ó fa etí lẹ́tà náà kó lè gún. Ó ní òun náà ì bá dáhùn, tó bá jẹ́ èmi ni mo fọwọ́ kan òun. Ó bi mí bóyá ọmọ òun jẹun lálẹ́ àná. Mo sọ ohun tó jẹ fún un.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi lóṣù tó kọjá, n kò tíì fèsì sí i. Ọmọbìnrin tó ń bá yín di búrẹ́dì ti lọ, ẹ ní kí n wá gba ààyè rẹ̀, pé yàrá wà lẹ́yìn ilé, pé kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀. Ó ń wù mí, Ẹ̀gbọ́n mi. N kò fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Lẹ́nu géètì yẹn, mo sọ fún Tẹ́ẹ́rẹ́ pé mo máa kọ̀wé sí yín kí ẹ fi òun sí ààyè náà, òun àti ọmọ rẹ̀. Mo ti ń sọ ọjọ́ tó máa lọ àti bọ́ọ̀sì tó máa wọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó wá ní, “Ṣé o tún fẹ́ dáhùn fún mi ni?”

Agogo lù pé kí a wọlé, ẹ̀ṣọ́ sì ń wò mí. Mo bi í nígbà náà, bó ṣe yẹ kí n ti bi í tẹ́lẹ̀, pé ṣé ó fẹ́ kí n kọ ọ́. N kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un, mo sì dúró. Ó ká lẹ́tà ilé-iṣẹ́ sí mẹ́rin, ó tì í sínú bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ní kí o kọ ọ́.”

Nítorí náà, Ẹ̀gbọ́n mi, Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ń béèrè bóyá ẹ lè fi òun sí ààyè tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, kì í ya bébà, kò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí àyàfi ìgbà tí ibà mú ọmọ rẹ̀ àti èyí tí mo fà. Bí ẹ bá gbà, òun fúnra rẹ̀ á kọ̀wé sí yín nípa ọjọ́ tó máa wá. Èmi á ṣì wà níbí fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má bínú sí mi, ẹ má sì káàánú mi. Kò sí ohun tó ń dùn mí. Mo kàn ń rí gbogbo nǹkan kedere, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti inú gíláàsì.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin àti ọkọ yín sí fún ara yín. Kí ó má jẹ́ kí ẹ ṣe wàhálà ọmọ lásán. Kí ọwọ́ yín má ṣe rọ nídìí iṣẹ́, kí ẹni tó bá wọlé tọ̀ yín wá sì bá yín nílé nígbà gbogbo.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ níṣẹ́.

Àfikún: Mo ti parí lẹ́tà yìí lánàá, n kò kàn lẹ̀ ẹ́ ni. Ẹlẹ́rìn-ín wá sí yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó gbé búrẹ́dì wá, ó jókòó, kò rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ. Ó ní kí n kí yín. Lẹ́yìn tó lọ, mo fọ aṣọ iṣẹ́, mo sá a, mo ká aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí erékùṣù, mo gbọn yanrìn inú rẹ̀ sójú fèrèsé. Mo dùbúlẹ̀ láago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.